Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Gbogbo Ìyá Ìbejì Di Ẹyọ Kan

Kí n tó rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, ọkọ mi ti rí iṣẹ́ fún mi ní Èkó. Ilé olówó kan ni. Wọ́n ń wá obìnrin tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì máa sùn níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kó àwọn ìbejì fún màmá ẹ," ọkọ mi wí lórí fóònù. "Fún ìgbà díẹ̀ ni. Tí nǹkan bá ti ṣẹnuure, a ó wá kó wọn."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde girama fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ìyá àgbà ni ọmọ ń pè ní màmá, òun ni wọ́n ní kó máa pè ní àǹtí. Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wa, ó wá wọ yàrá lọ sunkún. Èmi ni mo bá a wọlé.

Mi ò bínú sí ọkọ mi o. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà ló ń jẹun dáadáa, ọjọ́ tí kò bá sí, gàrí tí mo dì fún un láti ilé ló ń mu. Ohun tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé kì í sùn àfi kó di etí mi mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tẹ̀lé e kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kúrò lójú rẹ̀, ó máa ń dákẹ́ ni, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ń dákẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó fún mi di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí àwọn èèyàn bá ti gbin ẹ̀gẹ́ wọn. Mo ní bí mi ò bá rí nǹkan gidi dì mú nílé títí dìgbà náà, n ó wá. Ó gbà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, o ti ṣèlérí o."

Ohun tí mo gbójú lé ni kíláàsì kọ̀ǹpútà kan ní Ìgbó-Ọrà níbí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òògùn oko tẹ́lẹ̀. Òórùn òògùn náà kò tíì kúrò lára ògiri. Agùnbánirọ̀ tó sìnlú tán tí kò lọ mọ́ ló ń kọ́ wa. Ọ̀gá ni a ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni kò fi jẹ́ pé èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Ó gbà kí n máa mú àwọn ọmọ wá. Ọjọ́ tí èyí tó kọ́kọ́ wáyé tọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú àkísà wá.

Ohun tó ń kọ́ wa ni bí èèyàn ṣe ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò gbọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòdù. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi ṣubú nínú ìdánwò àṣejáde. Ìṣirò ní tirẹ̀ kò gbé mi ṣubú rí. Nígbà tó yá mo rí i pé ìṣirò náà ni, ó kàn wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọ̀gá ní kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti jókòó níbìkan, wọ́n ti kọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, wọ́n kó wọn jọ kí ẹlòmíràn lè máa lò ó. Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láíbìrì ibi tí wọ́n ń ya ìwé.

"Ó dà bí ọlọ ẹ̀yìnkùlé wa," ni mo sọ fún un. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́, gbogbo ilé ṣì ń lọ ata níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á máa fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú láíbìrì yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Èèyàn á kó àkójọ méjì fún un, á yẹ̀ wọ́n wò, á sì fa àwọn tó wà nínú méjèèjì jáde. Tíṣà wa ti kọ́ wa ní girama: òbìrìkìtì méjì tí wọ́n wọnú ara wọn, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọ̀kan, àwọn tó ń sáré nínú èkejì, àwọn tó ń ṣe méjèèjì láàárín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é gùn lẹ́nu mi, ni mo bá sọ ọ́ ní oríta, torí ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé ni.

Oríta yìí ló mú Ìyá Ẹgbẹ́ wá bá mi.

Ìyá Ẹgbẹ́ ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Obìnrin gàgàrà ni, a máa we gèlè bí ẹni tó ń lọ bá èèyàn jà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wọn ti ṣèlérí igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún wọn, èyí tí kì í tètè jẹrà nílẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì máa ń ta dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ní ẹni tó bá ṣe nǹkan méjì nìkan ni kó gbà á: kó ti wá sí gbọ̀ngàn níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin igi náà, kó sì ti ro oko rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wá fojú rí i. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó ní oko, ti Ìgbó-Ọrà, ti Ìdèrè, ti Lánlátẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú wọ́n fọwọ́ yẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò, ìjà ló sì dá sílẹ̀.

Ọ̀gá ló júwe mi fún un. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ lo mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Tó o bá ṣe é tó gún, ìwọ la ó gbà kó o máa bá ẹgbẹ́ tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ wa. Iṣẹ́ oṣooṣù ni o, kì í ṣe wá-bá-mi-ṣe-é. Tó bá wọ́, màá wá ẹlòmíì lọ sí Ìbàdàn. Mi ò kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀."

Mo kó àkójọ méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, mo yọ gbogbo ohun tí kò wúlò, ó ku orúkọ nìkan. Mo kọ àṣẹ mi. Ìlà kúkúrú ni. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ sì ń já wálẹ̀ bí ẹ̀wà tí èèyàn tú sínú igbá. Ọ̀gá yọjú wò ó látẹ̀yìn mi.

"Kóòdù yín mọ́, Ìyá Ìbejì."

Inú mi dùn débi pé mo ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Mi ò ka orúkọ náà tán. Mo rí i pé ó mọ́, mo gbà pé ó pé.

Abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń yan gàrí ni a ti kà á. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí ẹni tí mo bá pè dìde, kó lọ sápá ọ̀tún. Mo pe Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó dìde. Mo pe Ìyá Alákàrà, òun náà dìde, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lọ. Mo wá pe Ìyá Ìbejì.

"Ẹ̀ẹ̀n!"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì abẹ́ páànù ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Jókòó, èmi ni wọ́n pè."

"Ìwọ bí ta ni? Ta ló kọ́kọ́ bí ìbejì nínú èmi pẹ̀lú ẹ?"

"Ṣé ìbí la fi ń pín igi ẹ̀gẹ́ ni?"

"Tó bá jẹ́ ìbí ni, èmi bí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdì méjì ni tèmi!"

"Ẹ bi kọ̀ǹpútà yẹn wò bóyá òun náà ti bí ìbejì rí."

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú gbogbo wọn. Mo wo ìwé ọwọ́ mi lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Ìyá Ìbejì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"Mélòó lo ní?" Ìyá Ẹgbẹ́ bi mí.

"Ẹyọ kan, mà."

"Ní Ìgbó-Ọrà? Ìyá Ìbejì ẹyọ kan?"

Obìnrin kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Ìwọ tó ń kà á gan-an, kí là ń pè ọ́?"

Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ló dá wọn lóhùn: ó bú sẹ́kún.

Ìyá Ẹgbẹ́ kò pariwo lé mi lórí. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gba ìwé náà, ó ká a, ó ní ọkọ̀ tó ń kó igi bọ̀ yóò dé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n rí ìwé tó gún. Tí mi ò bá rí i, mi ò ní bá ẹ jà. Màá kàn pe ará Ìbàdàn."

Bí mo ti ń lọ sílé ni mò ń rò ó pé yàrá wo ni wọn ó fún mi sùn ní Èkó.

Ọ̀gá lu orí tábìlì nígbà tí mo ròyìn fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú mi. Ó ní ẹ̀bi náà kan òun pẹ̀lú. Ó ní nínú irú àkójọ tí oríta ń lò, nǹkan kan náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí èèyàn bá kó ọsàn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọsàn kan ló rí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyá ìbejì. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ló ń rí, ó sì ti rí ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó ní ó tó.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ ara wọn?" ó bi mí. Kì í ṣe ọmọ ibí.

Mo wò ó. Bí wọ́n bá bi obìnrin nínú gbọ̀ngàn pé kí ni wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n ń pè é náà ni yóò sọ. Ta ló bímọ tán tó tún ń jókòó láàárín èrò máa pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń rán an níṣẹ́ ní kékeré? Èmi gan-an, láti ọjọ́ tí mo ti bí àwọn ọmọ yìí, orúkọ mi ti wọ yàrá lọ sùn. Ọkọ mi kì í pè é mọ́. Ìyá mi nìkan ló ń pè é, ìyẹn bí mo bá jẹ́ kí ọbẹ̀ ìlasa jóná. N kò kábàámọ̀. Ìyá Ìbejì wù mí ju orúkọ yòówù lọ. Àmọ́ mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé oyè tí a jọ ń jẹ kò tó láti fi dá ẹnì kan mọ̀.

Ó dáa. Báwo ni àwa fúnra wa ṣe ń dá ara wa mọ̀? Bí ìyá mi bá fẹ́ rán mi sí Ìyá Ìbejì kan, á sọ ilé rẹ̀: Ìyá Ìbejì ilé Alágbẹ̀dẹ, Ìyá Ìbejì ilé Aró. Wọ́n sì ti kọ ilé sí iwájú orúkọ nínú àkójọ méjèèjì. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò, tí mo ní kò wúlò! Mo dá a padà. Mo ní kí kọ̀ǹpútà so orúkọ mọ́ ilé, kó kà wọ́n sí nǹkan kan, kó tó lọ sí oríta.

Àwọn Ìyá Ìbejì yapa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n díẹ̀ báyìí, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń wá ẹnì kan níbẹ̀: obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, òun náà Ìyá Ìbejì, ọkùnrin méjì ni tirẹ̀. Èmi ni mo bá a mójú tó àwọn ọmọ lọ́jọ́ tó lọ sí gbọ̀ngàn. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ bá a lọ́jọ́ tó ń ro oko. Ó ṣe méjèèjì, ojú mi ló ti ṣe é. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́."

"Òo, Ìyá Ìbejì. Ṣé ìwọ lo sọ gbogbo wa di ẹnì kan?"

"Ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ gbọ̀ngàn, ilé wo lẹ ní ẹ ti wá?"

"Ilé Alágbẹ̀dẹ, ilé ọkọ mi. Ibo tún ni?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo oko ńkọ́?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Oko ta ni?"

"Oko yín."

"Oko bàbá mi! Ilé Ọdẹ ló nilẹ̀ yẹn. Kí n wá dúró lórí ilẹ̀ bàbá mi, kí n máa pe ilé ọkọ mi fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀? Kí àwọn ará ilé ọkọ mi wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé àwọn ló ni ín, ìwé wà? Ọmọ yìí, ṣé o rò pé orí mi ti yí ni?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó ní làákàyè nínú wa."

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, láàárín ìgboro, ìyàwó ilé ni wọ́n, wọ́n pe ilé ọkọ. Lórí ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, wọ́n pe ilé bàbá. Obìnrin kan náà ni, kò sì purọ́ níbì kankan. Kọ̀ǹpútà sì rí èèyàn méjì tí wọn ò pàdé rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ti sọ èèyàn púpọ̀ di ẹnì kan. Báyìí, ó ti sọ ẹnì kan di méjì.

"Kí lo wá ń rẹ́rìn-ín sí?" aládùúgbò mi bi mí.

"Mo ti rí i ni."

Ohun tó kù kò ju kí n rìn lọ. Mo fẹ́ kí ilé méjèèjì wà níwájú orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ méjèèjì, ilé tí wọ́n bí i sí àti ilé tó fẹ́ sí. Ìyá mi gba ọmọ tó máa ń dákẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi, mo pọn ìkejì. Mo dé ilé dé ilé. Mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè. Ti Lánlátẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń nájà ni mo lọ bá wọn lórí ìsọ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó wá sí gbọ̀ngàn, torí mo mọ ohun tí yóò sọ. Ilé nìkan ni mo bèèrè.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n bí sí ilé kan náà, tí wọ́n tún fẹ́ sí ilé kan náà, tí àwọn méjèèjì sì bí ìbejì. Mo ní màá kọ "àgbà" sí ọ̀kan, màá kọ "kékeré" sí èkejì. Àbúrò fárígá. "Kékeré ibo? Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ́kọ!" A bá a lọ, a bá a bọ̀, ó gbà kí n kọ "pupa" fún òun.

Mo tún bá obìnrin kan pàdé, ìyàwó tíṣà, tí wọ́n bí ní ìlú tó jìnnà. Oko tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀ dá ló ń ro. Nígbà tí mo bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ pé kò sí."

"Ó wà, mà. Ó jìnnà ni."

Ó wá sọ orúkọ ìlú náà fún mi, ó sọ orúkọ ilé náà, ó ní igi ìṣin kan wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Mi ò nílò igi ìṣin, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi òun. Ó fún ọmọ ẹ̀yìn mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà. Kò sí iná. Inú ṣọ́ọ̀bù ni a wà, èmi, Ọ̀gá àti àwọn ọmọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ti ń lọ sílẹ̀, páànù sì ń pariwo débi pé a ò gbọ́ ohùn ara wa. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀: orúkọ, ilé bàbá, ilé ọkọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Mo rán an lọ sí oríta.

Aládùúgbò mi jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jáde, àgbà àti pupa. Ìyàwó tíṣà jáde pẹ̀lú ìlú rẹ̀. Mo fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ojú inú wo obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ibi tó jókòó sí nígbà tó dá mi lóhùn. Ọ̀gá sọ nǹkan kan létí mi.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ tún kà á!" ó pariwo.

Mo tún kà á.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ igi ẹ̀gẹ́ ti dúró kí n tó dé, abẹ́ páànù sì kún. Ojú ń wò mí. Ẹnì kan ní, "Asọnidọ̀kan ti dé o." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ṣí ìwé, mo pe Ìyá Ìbejì, mo pe ilé bàbá rẹ̀, mo pe ilé ọkọ rẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló dìde.

Mo pe òmíràn. Òun nìkan ló dìde.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn ti gbọ́ kí wọ́n pe ilé bàbá wọn láwùjọ. Bí mo bá ti pè é, ẹnì kan láti ilé yẹn á ju oríkì díẹ̀ sí i, ẹni tí mo pè á gbé àyà sókè, á rọra máa lọ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ó wá ń pẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó kà á jàre!" Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Dírẹ́bà fẹ́ lọ. Ẹ lè ki ara yín délé."

Nígbà tí mo kà á tán, obìnrin kan ṣì jókòó, ojú rẹ̀ le. Ó ní mo fo òun. Oko òun wà, wọ́n rí i.

"O wá sí gbọ̀ngàn?" Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

"Mo rán ọmọ mi."

"Ọmọ rẹ ọ̀hún dà?"

"Ó ní... ó ní wọ́n ń ta áìsìkiríìmù níta."

Ẹ̀rín pa wá. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, àwọn tó jókòó tì í sì ní àwọn á bù fún un nínú tàwọn bí wọ́n bá gé e. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kankan jà.

Àwọn obìnrin ń ru ìdì igi lọ, ewé tó kù lórí rẹ̀ ń mì, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa lọ ni àbí kí n dúró.

"Ìyá Ìbejì," Ìyá Ẹgbẹ́ pè.

Àwọn mẹ́ta yíjú padà.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó yíjú. Ìwọ, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ọjọ́ Ajé, kó o tètè dé. Àkọsílẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí a ń tà, ti ìpàdé, ti ọjọ́ tí kálukú ń yan gàrí, gbogbo rẹ̀ ti dọwọ́ ẹ."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo wá rántí. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́, mà?"

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Mo fẹ́ béèrè bóyá mo lè máa mú wọn bọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó béèrè bóyá omi máa ń tutù. "Wo ẹ̀yìn ẹ." Lẹ́yìn mi, lórí àpò òfìfo, ọmọ márùn-ún ló sùn gbalaja, méjì nínú wọn sì jẹ́ tèmi. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n lọ síbẹ̀.

Mo pe ọkọ mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà mí. Ariwo ẹ̀rọ náà nìkan ni mo ń gbọ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Mò ń ronú ohun tí n ó sọ fún àwọn ará ilé olówó yẹn ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá Ìbejì, mi ò fẹ́ kó o wá ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀ o. O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Mi ò kàn rí òmíì ni."

Mo ní kó jẹun. Ó ní òun á jẹun, ó sì ní kí n sọ fún àwọn ọmọ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Mo dúró kí wọ́n jí, mo sọ fún wọn. Wọn ò tíì mọ Sátidé yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́.